Ta Ló Ń San Owó Ibodè Irin?

Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, owó ibodè tí Amẹ́ríkà gbé lé irin Yúróòpù, ṣé àwa là ń san án?" Rárá o. Ẹni tó kó ẹrù wọ̀lú ló ń san án. Lọ́dún 2018 wọ́n gbé 25% lé irin, 10% lé alumíníọ̀mù; ní June 2025 méjèèjì di 50%. Ará Amẹ́ríkà tó ra irin €10,000 ní láti ka €5,000 sílẹ̀ kí oníbàárà rẹ̀ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní July 2018, Yúróòpù náà bẹ̀rẹ̀ sí gba 25% lórí irin òkèèrè tó bá kọjá ìwọ̀n. Ireland kò sì yọ́ irin mọ́ látìgbà tí ilé iṣẹ́ Haulbowline ní Cork ti kógbá sílé ní 2001. Irin tuntun tí wọ́n bá fẹ́ fi kọ́ ilé gíláàsì tòmátì ní Rush níbí, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá.

Wẹ́dà kan tí mò ń bá ṣe ìṣirò owó gba iṣẹ́ géètì kí irin tó wọ́n. Kò fojú kan aṣọ́bodè rí, àmọ́ ẹni tó ń ta irin fún un ti ro tiẹ̀ mọ́ ọn. Èrè iṣẹ́ ọ̀hún wọmi. Ní báyìí, ó ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé tó fi ń dá iye fún oníbàárà pé: "Iye yìí kò kọjá ọjọ́ 14."