Ojú Tí Ó Ti Rí Òkun: Àwọn Tí Ó Ti Òkè Òkun Dé àti Iṣẹ́ Olùdámọ̀ràn Lórí Àyíká

Ó ti di ohun tí ojú ń rí lemọ́lemọ́ báyìí pé ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílùú òyìnbó yóò padà wálé, yóò sì sọ fún ẹbí rẹ̀ pé òun kò ní padà sídìí iṣẹ́ tí òun kọ́ kí òun tó lọ. Ó lè jẹ́ pé ìṣirò owó ni ó kà ní yunifásítì. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó tọ́jú àwọn arúgbó, ó kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí lóru, ó wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì tún ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ tí ń kó ìdọ̀tí. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí ọ̀rọ̀ àyíká. Ó fi owó tí ó ṣiṣẹ́ fún gba oyè kejì lórí rẹ̀, ó sì fẹ́ wá ṣe olùdámọ̀ràn nílé. Ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi í kò ju ẹyọ kan lọ: "Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ ni o fẹ́ máa gbá ni?" Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì fi tiwọn kún un pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ mẹ́rin kò mọ ọ̀kan.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìbéèrè ìyá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ tí ń sáré wọ iṣẹ́ náà gan-an kò lè dáhùn rẹ̀. Olùdámọ̀ràn lórí àyíká ni ẹni tí ń yẹ ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti ìgbé ayé àwọn ará agbègbè wò kí iṣẹ́ ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òun ni yóò sọ ohun tí iṣẹ́ náà lè bàjẹ́, bí a ṣe lè dín ìbàjẹ́ náà kù, àti bóyá kí a má tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà rárá. Bí iṣẹ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, òun ni yóò máa padà lọ wò ó bóyá iléeṣẹ́ ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Òfin tí ó gbé iṣẹ́ yìí ró ní Nàìjíríà ní ìtàn, àwọn tí ó wà lókè òkun sì ní ọwọ́ nínú ìtàn náà. Ní ọdún 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kókò, ní ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù ni wọ́n fi gba àyè lọ́wọ́ onílé kan kí wọ́n lè kó o sí àgbàlá rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni ó ta àwọn ará ilé lólobó. Ìbínú tí ó tẹ̀lé e ni ó mú kí ìjọba dá àjọ àpapọ̀ tí yóò máa dáàbò bo àyíká sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Ní ọdún 1992 ni òfin kejì jáde, tí ó sọ pé iṣẹ́ ńlá kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé a ti gbé ipa tí yóò ní lórí àyíká yẹ̀ wò. Bí kò bá sí àwọn ọmọ tí ó wà lájò, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn ilẹ̀ àjèjì, tí ọkàn wọn sì wà nílé, ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbá yẹn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kókò.

Nítorí náà, ẹni tí ó ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ lókè òkun kò fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣòfò. Ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, irọ́ ni yóò dà bí ó bá di ọ̀la. Ẹni tí ó ti tọ́jú arúgbó mọ̀ pé bí bàbá kan bá ní kò sí ohun tí ó ń ṣe òun, ó yẹ kí a tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, kí a sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010 fi hàn pé irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé ni ó kú níbẹ̀. Òkúta tí àwọn òbí ń fọ́ láti yọ wúrà ni ó ní òjé nínú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni àwọn kan fi ń lọ òkúta náà, inú àgbàlá ilé ni iṣẹ́ sì ti ń lọ, níbi tí àwọn ọmọ ti ń rákò. Ẹni tí ó bá jókòó sí ọ́fíìsì tí ó ń wo àwòrán ilẹ̀ kò ní rí èyí. Ẹni tí ó bá wọ inú ilé, tí ó bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀, tí ó sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta, òun ni yóò rí i.

Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó, ìwé ẹ̀rí òyìnbó náà kò sì tó. Ní England, láti oṣù Èrèlé ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan pé ẹni tí ó bá ń kọ́lé ńlá gbọ́dọ̀ fi àyíká sílẹ̀ ní ipò tí ó fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sàn ju bí ó ṣe bá a, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò bá nǹkan mìíràn nílé. Níhìn-ín, ó gbọ́dọ̀ bu omi kànga nígbà òjò, kí ó tún bu ú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí omi kan náà kì í rí bákan náà nígbà méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ẹbí àti igbó tí ó jẹ́ ti orò. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti wà kí òfin tó dé. Ní Ewékorò, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà láti ọdún 1960, ìyẹn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣáájú òfin 1992. Ọdún méjì tí ó bá fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àgbà tí ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ nílé kì í ṣe ìtìjú, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ ti ń hu ewú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni ti owó. Bí ètò ṣe wà nílẹ̀ báyìí, iléeṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ni ó ń wá olùdámọ̀ràn, òun náà ni ó sì ń sanwó fún un. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹnu tí ó bá jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ó ń san owó ilé ìwé ọmọ, tí gbogbo ẹbí sì ń retí pé kí ó ṣe bí ará òkè òkun, ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún. Wọn kì í sọ fún un pé kí ó parọ́. Ohun tí wọn yóò sọ ni pé kànga kẹta yẹn jìnnà, kí ó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Kànga kẹta yẹn sì ni àwọn ará abúlé ń mu.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tún èyí ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé kí iléeṣẹ́ san owó náà sọ́wọ́ ìjọba, kí ìjọba sì fi ìbò yan olùdámọ̀ràn ní gbangba láàárín àwọn tí ó ti fún ní ìwé àṣẹ. Àwọn kan yóò ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba náà lè má mọ́. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbò, ní ojú gbogbo ayé, kí ó má jẹ́ ojúsàájú.

Èkejì kan èdè. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú láti rí ìwé ìjábọ̀ kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn, ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n sì fi ń pàtẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó máa ń nípọn bí Bíbélì, sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e sí. Kí ni àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ náà fẹ́ rí kà níbẹ̀? Ó yẹ kí ó di dandan pé kí àkópọ̀ ìjábọ̀ náà wà ní èdè àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n kà á lórí rédíò, ní ààfin àti ní ọjà. Olùdámọ̀ràn tí kò bá lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá fún obìnrin tí ń ta ata ní Ìkirè kò tíì mọ iṣẹ́ náà tán.

Àwọn kan yóò ní ìwà rere kì í kún ikùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àyíká ju ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá lọ. Ẹni tí ó bá rántí omíyalé Ògùnpa ní ọdún 1980, tàbí èyí tí ó tún ya bo Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, mọ̀ pé ilé ìwé, ọjà àti àdúgbò nílò ẹni tí yóò yẹ gọ́tà àti ojú odò wò kí òjò tó dé. Ilé ìwòsàn nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ṣe ń kó abẹ́rẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ dànù. Owó ibẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń wọlé, kò sì ní kí ènìyàn fo kànga ẹnikẹ́ni.

Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn láàárín igbó tí àjọ UNESCO fi sára ogún gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Láti ọdún mélòó kan, àwọ̀ omi náà ti yí padà, wíwa wúrà lápá òkè odò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tọ́ka sí. Ní ọdún 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá ṣọdún kí wọ́n má mu ún. Ará ilé àti àlejò ti ń fi igbá bu omi yẹn mu láti ìrandíran. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ti rìn jìnnà, tí ó ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́, tí kò sì fẹ́ fi èyí tí ó kù parọ́. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé omi kan dára kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun lè bu ú fún ìyá òun mu.