Ẹgbẹ́ Eléré Ìdárayá Kì Í Ṣe Ti Ẹnì Kan

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin jàmáà mọ́sáláṣí, àti ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Agbára yìí, àwọn tí wọ́n ti jáde àti àwọn tí wọ́n ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, fẹ́ dá ẹgbẹ́ eléré ìdárayá sílẹ̀, tí yóò máa sáré, tí yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé àwọn ń wá ọlọ́lá kan tí yóò gbé ẹgbẹ́ náà rù. Wọ́n ní bí àwọn bá ti rí olówó kan, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Níbẹ̀ ni èrò tiwa ti yàtọ̀ sí tiwọn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn òbí kan lóhùn. Wọ́n ní eré sísá àti bọ́ọ̀lù gbígbá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ, pé kò yẹ ọmọ kéwú. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ànábì wa bá Aisha ìyàwó rẹ̀ sáré ìje. Ìyàwó ló kọ́kọ́ gbawájú, nígbà tí ó sì yá, Ànábì náà gbawájú. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí òde òní, kí ó wo ìpínlẹ̀ Ògùn wa. Falilat Ogunkoya, ọmọ Òde-Lẹ́mọ, gba ipò kẹta nínú eré sísá 400 mítà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1996. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sáré 100 mítà tí a ti ń fo igi ní July 2022, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 parí rẹ̀, obìnrin kankan kò sì yára tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe irú èyí.

Nítorí náà, a kò bá àwọn ọ̀dọ́ wa jà lórí eré. Ohun tí a ń bi wọ́n ni pé: ta ni yóò ni ẹgbẹ́ náà? Ìtàn àwọn ẹgbẹ́ eléré nílẹ̀ Yorùbá ló mú wa béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó tí ó wà nítòsí wa. Ní 1958, Olóyè Israel Adebajo, oníṣòwò ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì, dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Stationery Stores sílẹ̀. Nígbà náà, bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ ní Nàìjíríà. 1990 ni líìgì àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó tó bẹ̀rẹ̀. Eléré ìgbà náà a máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, a sì máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ Stores gba ife Challenge Cup ní 1967 àti 1968. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Òlíḿpíìkì, ní Mexico ní 1968, àwọn eléré Stores wà lára wọn, wọ́n sì bá Brazil ta ọ̀mì, góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta. Àwọn èrò ìwòran ń pe ẹgbẹ́ yìí ní Adebajo Babes. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn: ọmọ ẹnì kan ni wọ́n.

Ní 1969, Olóyè Adebajo jáde láyé. Ẹgbẹ́ náà kò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ó tún gba ife ní 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí ta ló ni ẹgbẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ẹgbẹ́ tí òǹwòran rẹ̀ máa ń kún pápá fọ́fọ́ sì já wálẹ̀ kúrò láàrin àwọn àgbà ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé. Ní Abẹ́òkúta, olóògbé Alhaji M.K.O. Abiola, tí oore rẹ̀ sí Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò ṣe é kà tán, dá Abiola Babes sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó tú ká. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ Leventis dá Leventis United sílẹ̀. Ó gba ife ní 1984 àti 1986, ó gba líìgì ní 1986, ní 1987 ilé-iṣẹ́ náà sì tú u ká. Ẹ̀yin ará Agbára tí ẹ ń wo ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó yí wa ká bí ẹni pé àwọn ni yóò gba ẹgbẹ́ wa là, ẹ má gbàgbé èyí. Ilé-iṣẹ́ a máa dé, ilé-iṣẹ́ a sì máa lọ.

A kò fi èyí bu ẹnikẹ́ni kù. Ẹni tí ó náwó rẹ̀ ṣe oore, Ọlọ́hun yóò san án fún un, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dá owó rẹ̀ dúró nígbà tí ó bá wù ú. Àwọn tí ó jókòó wòran, tí wọn kò fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀, ni ẹ̀bi ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá wo Shooting Stars ní Ìbàdàn. Ó jẹ́ WNDC, ó di IICC, ó di 3SC. Orúkọ yí padà, àwọn olórí yí padà, ẹgbẹ́ náà kò parẹ́, nítorí pé kì í ṣe ohun ìní ẹnì kan. Òun náà ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976.

Àwa tí a kọ́ kéwú kò yẹ kí a wá ọgbọ́n yìí jìnnà. Sayyidina Umar ní ilẹ̀ kan ní Khaybar tí ó fẹ́ràn gan-an. Ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Ànábì, ó sì sọ ilẹ̀ náà di waqf: a kò gbọ́dọ̀ tà á, a kò gbọ́dọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a kò gbọ́dọ̀ jogún rẹ̀, èso rẹ̀ ni kí ó máa lọ fún àwọn aláìní. Ẹni tí ó ni ín kú, oore rẹ̀ ń bá a lọ. A kò sọ pé ẹgbẹ́ eléré àti waqf jẹ́ ọ̀kan náà nínú òfin ẹ̀sìn. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni kí a mú lò.

Àmọ̀ràn wa fún àwọn ọ̀dọ́ rèé:

Èkínní, kí ẹgbẹ́ náà jẹ́ orúkọ Agbára, kí ó má ṣe jẹ́ orúkọ olówó kankan.

Èkejì, kí olúkúlùkù máa dá owó kékeré lóṣooṣù. Olówó lè dá tirẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò jẹ́, kò ní jẹ́ olúwa ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí ìwé owó wà, kí ìwé mìíràn sì wà fún orúkọ àwọn tí ó sáré àti ìṣẹ́jú tí wọ́n fi sá a. Ẹgbẹ́ tí kò kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a wá pápá kí a tó wá jẹ́sì. Ilé àti ilé-iṣẹ́ ń jẹ ilẹ̀ Agbára lójoojúmọ́. Bí a kò bá tètè fi ìwé dì í mú ní orúkọ gbogbo wa, àwọn ọmọ wa yóò máa sáré lójú títì láàrin ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀karùn-ún, kí eré má ṣe gba àkókò ìrun àti àkókò ẹ̀kọ́. Kí àwọn ọmọbìnrin ní àkókò tiwọn, lábẹ́ àwọn olùkọ́ obìnrin.

Àwọn kan yóò ní owó tí a dá kékeré-kékeré kò lè tó. Kí wọ́n wo ẹgbẹ́ àṣálátù wa. Ta ni olówó tí ó ń gbé e rù? Kò sí. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kí wọ́n má jókòó. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, ẹ̀yin ọmọ wa. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun tí ẹ dáwọ́ lé, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín bá a lórí ìdúró. Àmín.