Okùn Tó Ń Pariwo, Ẹ Fi Sílẹ̀ Fún Ẹni Tó Ń Tà Á

Ìjà ni mo gbé wá lónìí. N kò bá ìjọba jà, n kò bá olóṣèlú jà. Okùn ìpẹja ni mo fẹ́ torí ẹ̀ bá àwọn kan wọ̀yá ìjà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán ná, kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ̀rín tọ́ sí.

Bàbá mi kékeré ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Àwọ̀n ni wọ́n fi jẹun láti kékeré, òun náà ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, tí àwọ̀n wúwo jù fún apá wọn, mo ra ọ̀pá ìpẹja fún wọn, èyí tó ní rìlì tí a ń ká okùn sí. Ẹja tí wọ́n bá fi ọ̀pá yìí pa ni ìyàwó wọn ń gbé lọ sọ́jà. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí àwọn kan á ní eré ọlọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ okùn.

Okùn rọ́bà, èyí tó jẹ́ ẹyọ kan gbọọrọ, ni Bàbá ń lò. Èmi ará Èkó, mo ní kí n fi ọ̀làjú hàn wọ́n. Mo lọ ra okùn híhun, irú èyí tí wọ́n fi fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ dì pọ̀ bí ẹni ń dirun. Wọ́n kọ kílò 30 gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Mo bi ọkùnrin tó ń tà á pé ṣé mo lè tú díẹ̀ wò. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ máa ń tú páálí ṣúgà wò kí ẹ tó rà á ni?” Àwọn tó wà ní ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sanwó.

Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ ju okùn yẹn sómi, gbogbo òrùka ara ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ìgbà tí èèyàn ń pọ́n ọ̀bẹ. Bàbá wò mí. “Ọmọ mi, kí ló ń ṣe okùn yìí tó ń sunkún?”

Mo ní, “Bàbá, ẹni tó tà á fún mi ní agbára ló ń ké bẹ́ẹ̀.”

Wọn kò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹja ńlá kan gbé ìjẹ. Okùn le gan-an, Bàbá sì fi ọwọ́ gbá a mú, bí wọ́n ti ń ṣe sí okùn rọ́bà láti ọjọ́ yìí wá. Okùn gé wọn ní ìka méjì, kò sì pẹ́ tó já. Ẹja lọ, ìwọ̀ lọ, òjé lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá fi jókòó sílé tí wọn kò lè di ọ̀pá mú. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ní, “Pépà yẹn lágbára ju okùn inú ẹ̀ lọ.”

Mo gbé ìyókù okùn náà wá sí Èkó. Mo so ó mọ́ sìkéèlì tí wọ́n ń fi kọ́ ẹran wọ̀n, mo fà á. Ó já ní kílò 11. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò dé 13. Mo gbà pé kókó máa ń dín agbára okùn kù. Ṣùgbọ́n kókó wo ló ń gbé 30 sọ̀kalẹ̀ sí 11?

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹni tó ń ta iṣu ń jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tó ń ta aṣọ ń jẹ́ kí a fọwọ́ pa á. Okùn tí ènìyàn máa gbé oúnjẹ ilé rẹ̀ kọ́ nìkan ni wọ́n ní kí a fi ojú inú rà! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí, mo sì rí i pé irọ́ mẹ́ta ni a ń rà pọ̀ mọ́ okùn.

Irọ́ kìíní ni nọ́ńbà ara páálí. Ojúlówó okùn híhun kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe é, ìbátan ọ̀rá tí a fi ń di ẹrù lọ́jà. Lọ́dún 1979, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ DSM ní ilẹ̀ Netherlands rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fà á di fọ́nrán tó le koko, nígbà tó sì di 1990 wọ́n ti ń ṣe é tà lábẹ́ orúkọ Dyneema. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wé ìwọ̀n kan náà, ó lágbára ju irin lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ojúlówó ni ayédèrú máa ń jẹ́. Ẹ̀rí kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: polyethylene fúyẹ́ ju omi lọ, nylon àti polyester sì wúwo ju omi lọ. Ẹ gé okùn náà ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ inú ife omi, kí ẹ fọwọ́ pa á kí afẹ́fẹ́ ara ẹ̀ jáde, kí ẹ wá fi sílẹ̀. Bó bá léfòó padà, ó kọjá ìdánwò àkọ́kọ́. Bó bá lọ sísàlẹ̀, tí wọn kò sì kọ ọ́ sára ẹ̀ pé okùn tó ń rì ni, ẹ béèrè owó yín.

Irọ́ kejì ni ti ariwo. Ẹni tó tà á fún mi ní agbára ló ń ké. Àwọn mìíràn ní ariwo yẹn ló ń lé ẹja sá. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì. Lójú òrùka, nínú afẹ́fẹ́, ni ariwo ti ń dún. Èyí tó ń dé etí ẹja nínú ẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí ariwo ń sọ fún wa ni bí wọ́n ṣe hun okùn náà. Okùn onífọ́nrán mẹ́rin máa ń ní gbágungbàgun lára, gbágungbàgun yẹn ló ń ha òrùka tó fi ń ké. Bí wọ́n bá fi fọ́nrán mẹ́jọ hun ún, tí wọ́n sì hun ún mọ́ra dáadáa, okùn á rí roboto, ara ẹ̀ á jọ̀lọ̀, á gba inú òrùka kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, á sì lọ jìnnà tí a bá jù ú. Etí yín ni yóò fi yé yín pé alágbàṣe tó hun ún kò ṣe ìmẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá okùn lẹ́bi, ẹ fi òwú bọ inú òrùka kọ̀ọ̀kan lára ọ̀pá. Níbi tí òwú bá ti kọ́, òrùka ló ti sán, ọ̀ràn náà kì í ṣe ti okùn.

Irọ́ kẹta ni ti àwọ̀ àti dídán. Àwọ̀ kì í wọra dáadáa lára polyethylene, gbogbo ẹ̀ ló máa ń ṣí. Ọ̀dà tí wọ́n fi pa okùn lára lè jẹ́ kí èyí tí kò dára dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ké. Nítorí náà ẹ fi èékánná fa okùn náà kọjá, ẹ nà án síbi ìmọ́lẹ̀. Bó bá rí pẹlẹbẹ, tí ihò wà láàárín fọ́nrán, ẹ gbé e padà fún un.

N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa ra èyí tó wọ́n jù o. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Fọ́nrán mẹ́rin nípọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó máa ń fara da ìhà òkúta àti òpó tí ìkarahun lẹ̀ mọ́ ju èyí tó ní mẹ́jọ lọ. Ẹni tó ń pẹja lórí òkúta etí òkun ní Tarkwa Bay lè yàn án, kó fara mọ́ ariwo ẹ̀, kó sì so okùn rọ́bà tó nípọn mọ́ iwájú. Ó mọ ohun tí òun rà nìyẹn. Èmi ń bá ẹni tó ta ariwo fún mi ní orúkọ agbára jà.

Ẹjọ́ tèmi náà wà níbẹ̀, n kò ní gbé e pamọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún Bàbá pé okùn rọ́bà máa ń nà, òun ló ń gba ìfà ẹja mọ́ra, àmọ́ okùn híhun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà rárá. Gbogbo agbára ẹja ló ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un láéláé. Ẹ tún bíréèkì rìlì ṣe kó máa tú nígbà tí ìfà bá dé ìdá mẹ́ta tàbí ìdá mẹ́rin agbára okùn. Ó ń yọ̀, nítorí náà ẹ pọ̀n ọ́n dáadáa níbi kókó, kí ẹ sì fi omi tàbí itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le, torí ooru tó ń wá láti inú ìfagbára fà máa ń ṣe é léṣe.

Ẹ̀yin oníṣòwò, owó táṣẹ́rẹ́ ló máa ná yín láti ṣí ẹyọ kan sílẹ̀ lórí káńtà, kí ẹ gbé ife omi kan àti sìkéèlì kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹni tí ọjà ẹ̀ dára kò ní sá fún ife omi. Ẹ̀yin oníbàárà, ìgbà tí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín gan-an ni kí ẹ dúró. Èmi bá wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá mi ló fi ìka méjì san owó ẹ̀.

Wọ́n ti padà sídìí omi báyìí. Bí mo bá gbé okùn tuntun dé, wọn kì í wo páálí ẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní kí ìyàwó wọn gbé ife omi wá.