Ẹ Jẹ́ Kí A Bá Àwọn Àgbà Wa Ṣọdún Lójú Ayé Wọn

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, ọdún 2025, Ìjẹ̀bú péjọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ọmọ Balógun gun ẹṣin. Ọjọ́ márùndínlógójì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù keje, Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1960, wàjà ní ẹni ọdún 91. Ta ni nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ̀nyí ni ó mọ̀ pé Ojúde Ọba ìkẹyìn ayé Kábíyèsí ni? Bí ó ti rí fún ọba, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún bàbá àti ìyá arúgbó ilé wa, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí ní àwọn ìlú etí omi títí dé Òde-Omi.

Ní ọdún Kérésìmesì kan, a lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn ọmọ ti Èkó àti òkè òkun dé. Wọ́n pa màlúù, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, àlejò kún ojúde. Ìyá nìkan ni ó wà nínú yàrá. Nígbà tí a jókòó tì wọ́n, ohun méjì ni wọ́n béèrè: ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀ tí ó rọ̀ dáadáa, àti kí àwọn ọmọ-ọmọ wọlé wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dárúkọ ara wọn. Ọmọbìnrin kan kò mọ oríkì ara rẹ̀. Ìyá rántí, wọ́n fi ohùn wẹ́ẹ́rẹ́ kì í, ọmọ náà sì sunkún. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, ìyá ti sùn. Owó tí a fi ra aṣọ ẹbí òkú wọn nìkan ìbá tó san owó olùtọ́jú fún oṣù púpọ̀.

Àwọn baba wa sọ pé ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Láti fi bá wa wí ni wọ́n ṣe pa á lówe. Àwa sọ ọ́ di òfin tí à ń tẹ̀lé. Òfin tí a kọ́ wa ní kékeré kò ní kí a bọlá fún òkú baba àti ìyá. Àwọn alààyè ni ó wí.

Nítorí náà, bí ọdún bá dé, kí a má ṣe fi ariwo wa ṣe ìyà fún àgbà tí agbára rẹ̀ ti tán. Kí a wọlé tọ̀ wọ́n ní méjì-méjì, kí a sì tètè jáde bí ó bá rẹ̀ wọ́n. Kí a má dán ìrántí wọn wò pẹ̀lú “Ẹ mọ̀ mí?”, kí kálukú dárúkọ ara rẹ̀. Kí a má sọ̀rọ̀ ìsìnkú tàbí ogún pín-pín létí ibùsùn wọn, nítorí ẹni tí kò lè fèsì lè máa gbọ́. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìdílé, kí a fi ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀.

Bí ìrora bá sì ń dà wọ́n láàmú, kí a má wí pé ogbó ni. Láti ọdún 1967 tí Cicely Saunders ti ṣí ilé St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń rí i pé a lè dín ìrora ẹni tí àrùn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ kù. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ojú yín ni àwọn ọmọ ń wò. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọdún mìíràn ń bọ̀. Bí yóò bá wọn láyé, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀. Ẹ lọ bá wọn ṣe èyí.