OWÓ ỌKỌ̀ JU OWÓ ẸRÙ LỌ

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹjọ́ ara mi ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè fi mí rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ni mo ti fẹ́ràn láti máa to ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké. Kì í ṣe èyí tí ń fò o; èyí tí a ń tò, tí a ń kùn lọ́dà, tí a sì ń gbé ka orí tábìlì ni. Inú páálí ni awẹ́ rẹ̀ máa ń wà: ìyẹ́, ìrù, wíìlì, àní ọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ náà pàápàá, gbogbo wọn so mọ́ ọ̀pá ike bí èso. A ó fi abẹ gé wọn, a ó sì fi gúlúù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí a bá kọ 1/72 sára páálí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé íǹṣì 72 lára ọkọ̀ gidi ti di íǹṣì kan. Ìyẹ́ Spitfire, ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ja ogun Hitler, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36 àti íǹṣì 10 láti ìkángun kan dé èkejì; tèmi kò ju íǹṣì 6 àti díẹ̀ lọ. N kò tíì rí ohun tí ó mú ìṣirò ìdá yé ọmọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí èmi àti ọmọ mẹ́jọ nínú kíláàsì mi fi máa ń jókòó tì í lẹ́yìn ilé-ìwé ní ọjọ́ Jímọ̀.

Àbúrò mi kan tí ó wà ní Manchester ni ó máa ń bá mi rà á. Ní oṣù tí ó kọjá ó kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tí ẹ ní kí n rà, pọ́n-ùn 9 ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, pọ́n-ùn 18 ni wọ́n ń bèèrè. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?” Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi wo ojú mi títí, ó ní, “Bàbá Bùkọ́lá, ta ni ó kú?” Mo ní kò sí ẹni tí ó kú, owó ọkọ̀ ni ó ju owó ẹrù lọ. Ẹ sì rántí pé ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju bí náírà 460 àti díẹ̀ lọ ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 lọ. Owó oṣù tíṣà kò bá a gun òkè náà.

Mo rò pé èmi tálákà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn òyìnbó tí ń to ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pàápàá ń ké. Ní àwọn ọdún 1950 tí Airfix kọ́kọ́ ṣe Spitfire tirẹ̀, ṣílè méjì péré ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù Woolworths, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì fi rìn lọ rà á. Woolworths ti ìlú wọn ti kógbá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Lónìí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti ránṣẹ́ rà á lókèèrè, pàápàá ní Shizuoka ní ilẹ̀ Japan, níbi tí Tamiya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó wá di ẹnu ọ̀nà ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀kì mi kọ ìṣirò kan. Àwọn akẹ́rù aládàáni kì í wo òṣùwọ̀n nìkan. Wọn a wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọn a sọ wọ́n di púpọ̀, wọn a sì fi 5,000 pín in. Páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 40, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 25, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 10, kílò méjì ni wọn yóò kà á sí, bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ tó kílò kan. Afẹ́fẹ́ ni ẹ san owó ìyókù fún! Ọ̀dà rẹ̀ tún wá burú jù, nítorí iná a máa tètè ran irú rẹ̀ mìíràn, ọkọ̀ òfuurufú pósí kì í sì í gbé irú bẹ́ẹ̀.

Ti pósí ìjọba tilẹ̀ dẹwọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1874 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ní ẹgbẹ́ kan tí ó so ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn pọ̀, ìbùjókòó rẹ̀ sì wà ní Bern. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ń ṣètò iye tí pósí ilẹ̀ kan yóò san fún ti ilẹ̀ kejì kí ó tó bá a pín ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ọdún 2018 Amẹ́ríkà bínú pé owó tí òun ń gbà lórí ẹrù kéékèèké láti China àti ibòmíràn kéré jù, ó ní òun yóò kúrò nínú ẹgbẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 wọ́n ṣe ìpàdé ní Geneva, wọ́n sì gbà pé láti oṣù keje ọdún 2020 kí Amẹ́ríkà máa dá iye tirẹ̀ lé e. Ọdún náà gan-an ni àrùn kòrónà dé. Inú ọkọ̀ òfuurufú tí ń kó èrò ni ọ̀pọ̀ ẹrù pósí máa ń bá lọ. Nígbà tí èrò kò sí, ẹrù náà jókòó, owó sì gòkè.

Èyí tí ó wá ga jù ni ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ẹrù tí kò bá ju dọ́là 800 lọ ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè. Ìjọba wọn fòpin sí i. Ẹgbẹ́ pósí náà kéde pé ẹrù tí ń lọ síbẹ̀ fi 81 nínú 100 dín sí ti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, àti pé ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ 88 ti dá ẹrù sí Amẹ́ríkà dúró, yálà gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan.

Ilé-iṣẹ́ ńlá yóò rí ọgbọ́n dá. Ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe mí ni ọkùnrin tí ó jókòó nínú yàrá kan ṣoṣo ní ilé rẹ̀, tí ó ń tẹ àmì ìyẹ́ ọkọ̀, èyí tí a ń rẹ sínú omi kí a tó lẹ̀ ẹ́. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni gbogbo ọjà rẹ̀. Ta ni yóò san ìlọ́po owó bébà náà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀? Àwọn tí ó lówó ti ń ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń kó o sábẹ́ ibùsùn. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, tí ẹyọ kan péré ni agbára rẹ̀ ká?

Mo ro ẹjọ́ mi fún Ìyá Délé tí ń ta léèsì ní ọjà wa. Ó pòṣé. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà pẹ̀lú ìwé yín! Ta ni ó ní kí ẹ dá gbé ẹyọ ẹrù kan gun òfuurufú? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ọmọ mi ń di dúrọ́ọ̀mù ní London, ojú omi ni yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín gbé tiyín fún un. Ṣùgbọ́n kí ó bọ́ páálí rẹ̀ dànù o, n kò fẹ́ ohun tí yóò gba àyè léèsì mi.”

Ẹ̀yin ará, páálí yẹn dùn mí. Àwòrán tí ó wà lójú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fà mí wọ inú iṣẹ́ yìí. Mo bẹ àbúrò mi, ó bá mi gé ojú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sáàárín léèsì, kò sì sọ fún Ìyá Délé.

Dúrọ́ọ̀mù náà kò tíì dé. Ní Jímọ̀ tí ó kọjá, mo ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ní sùúrù, pé orí omi ni Spitfire wa wà. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn na ọwọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Sà, irú ọkọ̀ òfuurufú wo ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi?” Mo ní kí wọ́n mú páálí bisikíìtì wá, kí a fi gé ìyẹ́ wò ná.