Oògùn Tó Ń La Ọmọlójú Kì Í Ṣe Ìgò Tí Gbogbo Ilé Ń Pín Lò

Ọ̀rọ̀ ojú la mú wá lóṣù yìí, nítorí pé ohun méjì ṣẹlẹ̀ láàárín wa tó kọ wá lóminú.

Èkíní rèé. Olùkọ́ ilé-kéú kan ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ ọdún 6 kan. Ó ní ọmọ náà máa ń gbé wàláà sún mọ́ imú kó tó lè kà á, àti pé tó bá ti tẹjú mọ́ ìwé, ojú rẹ̀ ọ̀tún á yí wá sí ìhà imú. Ìyá náà ṣe ohun tó tọ́, ó mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì mú ìgò oògùn jáde, tó ní òun fẹ́ kán an sí ọmọ náà lójú, àti pé kò ní lè kàwé dáadáa títí di ọjọ́ kejì, ìyá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ilé. Ó ní torí kí ojú ọmọ òun lè dára lòun ṣe mú un wá, kì í ṣe torí kí wọ́n lè fọ́ ọ.

Èkejì rèé. Ìyá àgbà kan jí pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó rò pé Àpólò ni. Wọ́n rántí pé ìgò oògùn ojú tí wọ́n kọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé, ó sì ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n kán an sí i lójú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ojú ń ro ó, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń bì. Wọ́n pè é ní ibà, wọ́n ra oògùn ibà fún un. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Lónìí, ojú yẹn ń rí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí lẹ́tà Alùkùránì mọ́.

Irú oògùn kan náà ni ìyá ọmọ sá fún, òun náà sì ni wọ́n kán sí ìyá àgbà lójú. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ibi tó yẹ ká ti gba oògùn yìí la ti ń sá fún un, ibi tó yẹ ká ti sá fún un la ti ń gbà á.

Kí ni oògùn náà ń ṣe? Àárín ojú wa ni ihò kékeré kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Òun là ń pè ní ọmọlójú. Nínú oòrùn, ó máa ń kéré. Nínú òkùnkùn, ó máa ń fẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun kan wà tó mọ́ gaara bíi jígí, iṣan sì yí i ká. Tí a bá fẹ́ ka ohun tó wà nítòsí, iṣan yìí á ṣiṣẹ́, jígí náà á sì nípọn sí i kí a lè ríran. Oògùn tí à ń wí yìí ń la ọmọlójú, ó sì ń dẹ iṣan náà kó lè sinmi. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi máa ń ta wá lójú lẹ́yìn rẹ̀, tí lẹ́tà inú ìwé á sì máa ṣe bàìbàì. Ojú kò fọ́. Tí agbára oògùn bá ti tán, ojú á padà sí bó ṣe wà.

Wọn kì í pẹ́ bákan náà lójú. Tropicamide, tí wọ́n sábà máa ń kán fún àgbàlagbà, máa ń kúrò láàárín wákàtí 4 sí 8. Cyclopentolate, tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọmọdé, lè tó wákàtí 24. Atropine ló pẹ́ jù: ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ojú tó padà bọ̀ sípò pátápátá. Òbí tí wọn kò bá sọ èyí fún yóò rò pé wọ́n ti ba ojú ọmọ òun jẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní láti kán an sí ọmọdé lójú? Ìdí ni pé iṣan ojú ọmọdé lágbára gan-an. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ní àléébù lè máa fi agbára iṣan yìí bò ó mọ́lẹ̀. Yóò ka gbogbo lẹ́tà tó wà lára ògiri, wọn á ní ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n làálàá tí iṣan náà ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ ló ń di orí fífọ́, òun ló ń mú kí ọmọ sá fún ìwé, òun náà ló sì máa ń fa ojú wá sí ìhà imú. Àwa á máa nà án pé ọ̀lẹ ni. Tí wọ́n bá wọn irú ojú bẹ́ẹ̀ láìkán oògùn sí i, wọ́n lè fún un ní awò tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kò nílò awò rárá. Ìgbà tí iṣan bá sinmi ni òótọ́ ojú tó ń hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ní kí a fi falẹ̀. Tí ojú ọmọ kan kò bá ríran dáadáa, tàbí tó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú yẹn sílẹ̀, yóò máa fi èkejì nìkan ṣiṣẹ́. Tí a bá tètè rí i, kí ọmọ tó pé nǹkan bí ọdún 7, àtúnṣe rẹ̀ máa ń rọrùn jù. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà sí i ni ó ń le sí i. Ìyá tó gbé ọmọ kúrò lórí àga dókítà nítorí ìkán oògùn méjì ń fi ohun tí kì í padà bọ̀rọ̀ ṣeré.

Fún àgbàlagbà ńkọ́? Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ó yẹ kí dókítà máa wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí àtọ̀gbẹ máa ń ba awọ ibẹ̀ jẹ́ kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Glaucoma náà, tó pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, máa ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Tí ọmọlójú bá kéré, dókítà dà bí ẹni tó ń yọjú wo yàrá láti ihò kọ́kọ́rọ́. Tí oògùn bá là á, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Àwọn àìsàn kan tún wà tí inú ẹyinjú fi máa ń wú, tó jẹ́ pé oògùn yìí gan-an wà lára ìtọ́jú wọn: ó ń dín ìrora kù, kì í sì í jẹ́ kí inú ojú lẹ̀ mọ́ra wọn.

Tó bá dára tó báyìí, kí ló ṣe ìyá àgbà? Ojú àwọn kan wà, pàápàá àgbàlagbà, tí ọ̀nà tí omi inú ẹyinjú ń gbà jáde há púpọ̀. Tí ọmọlójú wọn bá là, ọ̀nà náà lè dí pátápátá, omi á kóra jọ, ẹyinjú á le bí òkúta. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ojú á pọ́n, orí á fọ́, èébì á dé, ẹni náà á máa rí òṣùmàrè yí iná ká. Ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀la. Dókítà tàbí optometrist máa ń yẹ ojú wò fún irú ewu yìí kó tó kán oògùn. Ẹni tó gbé ìgò lórí tábìlì kò lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ọmọ kékeré, ewu mìíràn ni. Ọ̀nà tóóró kan wà láti igun ojú lọ sí imú àti ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tọ́ oògùn ojú wò lẹ́nu. Atropine tó bá gba ibẹ̀ wọ ara ju bó ṣe yẹ lọ lè mú kí ojú àti ọrùn ọmọ pọ́n, kí ara rẹ̀ gbóná, kí ẹnu rẹ̀ gbẹ, kí àyà rẹ̀ máa lù kíkankíkan, kó sì máa sọ ìsọkúsọ. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ má kán an mọ́, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kíá. Tí ọmọ bá sì gbé ìgò rẹ̀ mu, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ohun kan wà tó rọrùn tó sì ń dín ewu kù: tí ẹ bá ti kán an tán, ẹ fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ fún wa? Dókítà ojú ni, tàbí optometrist tó forúkọ sílẹ̀, tó ti lo ọdún 6 ní yunifásítì nítorí ojú nìkan. Ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì àdúgbò ní Nàìjíríà kò kọjá oògùn tí kò nílò ìwé dókítà. Ẹni tó ń ta awò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀sìn wa kò sì dákẹ́ lórí èyí: Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú mọ èyí. Ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, ní Bàgídáádì, Ali ibn Isa kọ odidi ìwé kan nípa àìsàn ojú, nítorí pé iṣẹ́ tó dá dúró ni ìtọ́jú ojú lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè kan máa ń wá tí Rámádáànì bá ti sún mọ́lé: ṣé oògùn yìí ń ba ààwẹ̀ jẹ́? Nínú ọ̀nà Ìmáàmù Málíìkì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, ohun tí a bá kán sójú lọ́sàn-án tó sì dé ọ̀fun ń ba ààwẹ̀ jẹ́, a ó sì san ọjọ́ náà padà. Èyí tí a kán lóru kò ní wàhálà, kódà tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn onímọ̀ ìlànà Sháfíì àti Hánáfì kò kà á sí ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fíkíhì lágbàáyé, tó jókòó ní Jídà ní 1997, náà sọ pé kì í bà á jẹ́, tí ẹni náà kò bá ti gbé ohun tó dé ọ̀fun rẹ̀ mì. Èrò wa ni pé kí ẹ bi ààfáà yín léèrè, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ wà lẹ́nu ààwẹ̀. Àyẹ̀wò tó lè dúró, ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn Ìtúnu. Ojú tó ń ro yín lónìí kò lè dúró. Ọjọ́ ààwẹ̀ kan ṣeé san. Ojú tó bá lọ kò ṣeé san.

A kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ìyá. Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá ti jókòó fún ìṣẹ́jú 2, tó ṣàlàyé fún ìyá ọmọ pé iṣan ni oògùn náà ń dẹ̀, pé yóò kúrò, àti ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀, bóyá ìyá náà kò ní sá. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kán oògùn.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má bẹ̀rù láti béèrè: kí ni orúkọ oògùn yìí? Kí ni ẹ fẹ́ fi wò? Ìgbà wo ni yóò kúrò? Ẹ sọ fún wọn tí ojú bá ti ń ro yín tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ní glaucoma. Lọ́jọ́ náà, ẹ má wa mọ́tò, ẹ má wa ọ̀kadà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín lọ. Ẹ mú awò dúdú dání nítorí oòrùn, ẹ má sì lé tìróò. Ẹ sọ fún olùkọ́ ilé-ìwé àti ti ilé-kéú pé ọmọ kò ní lè kàwé dáadáa, kí wọ́n má bàa nà án. Tí ìtọ́jú bá sì ti parí, ẹ da èyí tó kù nínú ìgò nù. Ẹ má fi pamọ́ de Àpólò ẹnikẹ́ni.

A padà lọ bá ìyá ọmọ náà nílé, a sọ ohun tí a sọ fún yín yìí fún un. Ó sunkún díẹ̀, ó sì mú ọmọ padà lọ. Wọ́n kán oògùn, wọ́n wọn ojú, wọ́n sì fún un ní awò tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí a rí i kẹ́yìn ní ilé-kéú, wàláà rẹ̀ wà lórí itan, ojú méjèèjì sì ń wo ọ̀kánkán.

Kí Ọlọ́hun dá ojú wa sí, kí Ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba amáánà Rẹ̀ jẹ́. Àmín.