Ọmọ Kékeré Tó Mọ Bọ́ọ̀lù: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Kóòṣì Alímọ̀ṣọ́

Lórí ọ̀pọ̀ pápá tí wọ́n ti ń ṣa ọmọ fún akádẹ́mì bọ́ọ̀lù ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgàndò, ara ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún 13 tí kò tíì ga kì í pẹ́ gbọ́ pé òun kéré jù, kó lọ jẹun dáadáa ná. Lẹ́tà yìí wà fún àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà: àwọn kóòṣì, àwọn tó ni akádẹ́mì, àti àwọn aṣojú tó ń bá wọn wá ẹni tí wọn yóò mú lọ sí òkè òkun. Àṣà náà ń ṣi ọmọ yàn, ó ń sọ owó nù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ó sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí irọ́ ọjọ́ orí tán nínú bọ́ọ̀lù Nàìjíríà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàn gan-an jẹ́ ara ìṣòro náà. Àárọ̀ Sátidé ni, lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí koríko ti tán lórí rẹ̀. Ọmọ bí ọgọ́rin ti tò. Ọ̀kan wọ bàtà bọ́ọ̀lù tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ki àkísà sí i níwájú kó má baà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kóòṣì gba iwájú ìlà kọjá, ó ń fọwọ́ kan èjìká àwọn tó ga, àwọn yẹn sì ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni kò tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Àwọn tó fọwọ́ kàn ló máa kọ́kọ́ wọ pápá. Àwọn kékeré á dúró di ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ti mú, tí aṣojú tó wá wòran sì ti wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Bó bá wá kàn wọ́n, wọ́n á pín wọn ní mọ́kànlá mọ́kànlá fún ogún ìṣẹ́jú péré. Àwọn ọmọ tí kò mọ ara wọn rí kì í fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù, torí olúkúlùkù ló fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ilẹ̀ rí gbágungbàgun, bọ́ọ̀lù ń ta kiri, ẹni tó lè sáré tó sì lè fi èjìká ti ẹlòmíràn dànù ló ń hàn. Ọmọ tó ń wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó ti mọ ẹni tó dá wà lápá òsì, kò ní rí bọ́ọ̀lù gbà. Ọmọ yìí kan náà ni ẹnikẹ́ni kò lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ládùúgbò rẹ̀, níbi tí òkúta méjì ti jẹ́ góòlù, tí wọ́n sì ń gbá a ní mẹ́rin mẹ́rin. Kóòṣì kì í dé ibẹ̀.

Àṣà náà rọrùn láti máa bá lọ torí pé ọmọ pọ̀. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí èèyàn inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kà lé ní mílíọ̀nù méjì. Kóòṣì tó bá lé ọmọ mẹ́wàá lónìí mọ̀ pé ogún mìíràn á wá tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, àṣìṣe yíyàn kì í dun ẹni tó yàn. Ọmọ tí wọ́n lé àti ìyá tó sanwó ọkọ̀ rẹ̀ ló ń dùn.

Ohun tí ara ọmọ ọdún 13 lè sọ nípa bí yóò ṣe rí tó bá pé 20 kò tó nǹkan. Àkókò kan wà tí ọmọkùnrin máa ń ga lójijì, tí sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 lè gorí gíga rẹ̀ láàárín ọdún kan. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, nǹkan bí ọdún 13 sí 14 ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dé bá ẹlòmíràn ní 12, ó sì máa ń pẹ́ di 16 fún ẹlòmíràn. Ọmọ méjì lè jókòó lórí àga kan náà ní kíláàsì kan náà ní Ìgàndò, kí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ oṣù kan náà, kí ọ̀kan ti ní irùngbọ̀n, kí ohùn èkejì má tíì yí padà. Bí wọ́n bá jọ du bọ́ọ̀lù, ẹni tó ti bàlágà á gbà á, kóòṣì á sì pe ìyẹn ní ẹ̀bùn. Nígbà tó bá fi máa di ọdún mẹ́ta, èkejì á ti bá a dọ́gba, bóyá kó tilẹ̀ ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò ní sí nínú akádẹ́mì mọ́. Ẹni tó tètè dàgbà náà kì í jèrè rẹ̀ títí. Níwọ̀n ìgbà tó ti lè fi agbára ti gbogbo èèyàn kúrò lọ́nà, kò sí ohun tó máa mú un kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí padà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, tàbí bí wọ́n ṣe ń lo ẹsẹ̀ òsì. Lọ́jọ́ tí àwọn yòókù bá lágbára tó o, ohun ìjà rẹ̀ tán nìyẹn.

Agbábọ́ọ̀lù Jamie Vardy jẹ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn. Sheffield Wednesday ní England jẹ́ kó lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16, wọ́n ní ó kéré jù. Mítà 1.79 ló ga lónìí. Ó gba líìgì England pẹ̀lú Leicester ní 2016, ó sì gbá góòlù 23 wọlé ní sáà 2019 sí 2020 láti jẹ́ ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ tí wọ́n lé nítorí pé ó kúrú kì í tún ṣe ènìyàn kúkúrú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Bó bá ti jẹ́ ara ni wọ́n ń wá, ọ̀nà tó yá jù láti rí ọmọ ọdún 15 tó lágbára ni kí wọ́n mú ẹni ọdún 19 kí wọ́n pè é ní 15. Ẹni tó bá wà nídìí bọ́ọ̀lù l'Ékòó mọ ohun tí "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù" jẹ́, ìyẹn ọjọ́ orí tí wọ́n dín kù nítorí bọ́ọ̀lù. Ní 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tí kò bára mu láti ìdíje kan sí èkejì, wọ́n sì gbé ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991, tó yẹ kó wáyé níbí, lọ sí Portugal. Nígbà tó di 2009 tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ. Bí egungun ibẹ̀ bá ti so pọ̀ pátápátá, àfàìmọ̀ ni kí ẹni náà má ti kọjá 17. Ta wá ni ẹ̀rọ yìí kì í yọ lẹ́nu? Ọmọ tí ara rẹ̀ pẹ́ kó tó dàgbà ni, ìyẹn ẹni tí wọ́n ti lé dànù lórí pápá Ìkọ̀tún láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nàìjíríà ti gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́langba yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ní 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015. Àwọn àgbà ọkùnrin kò tíì kọjá ìpele ẹgbẹ́ 16 rí nínú ife àgbáyé tiwọn. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n àṣà tó ń fi agbára ọmọdé díwọ̀n agbábọ́ọ̀lù kò lè yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Mítà 1.70 ni Ahmed Musa. Góòlù mẹ́rin tó gbá wọlé nínú ife àgbáyé, méjì sáwọ̀n Argentina ní 2014 àti méjì sáwọ̀n Iceland ní 2018, kò sí ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀. Moses Simon kúrú jù ú lọ, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì Faransé. N'Golo Kanté, ọmọ àwọn ará Mali tí wọ́n bí ní Paris, kò ju mítà 1.68 lọ. Ẹgbẹ́ àdúgbò ní Suresnes ló wà títí ó fi dàgbà, torí àwọn akádẹ́mì ńlá kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó gba líìgì England ní 2016 pẹ̀lú Leicester, ó tún gbà á ní 2017 pẹ̀lú Chelsea, ó sì gba ife àgbáyé ní 2018.

Ti Adémọ́lá Lookman ló yẹ kí kóòṣì Alímọ̀ṣọ́ ronú lé jù. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, gíga rẹ̀ kò ju mítà 1.74 lọ. Waterloo FC, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò, ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún títí ó fi pé 16, kí Charlton tó mú un ní 2014. Ní ọjọ́ 22 Oṣù Karùn-ún 2024, ó gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Bayer Leverkusen fún Atalanta ní àṣekágbá Europa League ní Dublin. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ẹni tó ń dájọ́ ọmọ ní ọdún 13 ì bá ti fi ọdún mẹ́ta padà lẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó tó hàn.

Èyí kò mọ sórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Nínú họ́kì orí yìnyín ti Kánádà àti Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gbà kí wọ́n fi ara kọ lu ara wọn, wọ́n gbà tipẹ́ pé ẹni kékeré kò lè là á já. Martin St. Louis, mítà 1.73, kò rí ẹgbẹ́ kankan tó yàn án nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀dọ́. Calgary, ẹgbẹ́ tó wá gbà á, sì jẹ́ kó lọ ní 2000. Ní 2004, ó gba Stanley Cup, ife líìgì họ́kì ibẹ̀, pẹ̀lú Tampa Bay, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó wúlò jù ní líìgì náà. Ní Kánádà kan náà, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1985 pé àwọn tí wọ́n bí láàárín Oṣù Kìíní sí Ìkẹta ló kún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó gbayì. Ọjọ́ kìíní ọdún ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí níbẹ̀, ọmọ Oṣù Kìíní sì fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan ju ọmọ Oṣù Kejìlá lọ. Ó tóbi jù, wọ́n á yàn án, kóòṣì tó dára á kọ́ ọ, ó sì máa wá dára lóòótọ́. Oṣù díẹ̀ péré ló fa gbogbo èyí nílùú tí ìwé ìbí ti pé. Níbi tí ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ ti ń dípò ìwé ìbí, ọdún ni ìyàtọ̀ náà.

Ara wúlò o, ìyẹn kò ṣeé sẹ́. Aṣọ́lé tí kò ga máa ń jìyà lábẹ́ bọ́ọ̀lù òkè. Fabio Cannavaro, mítà 1.76, jẹ́ balógun Italy tó gba ife àgbáyé 2006 láti àárín ẹ̀yìn, Lisandro Martínez tó kúrú jù ú lọ díẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ Argentina tó gbà á ní 2022, ṣùgbọ́n irú wọn kò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré kò ní fi bọ́ọ̀lù jẹun, bí ọ̀pọ̀ ọmọ gíga náà kò ṣe ní fi jẹun. Àwọn orúkọ tó wà lókè yìí kò sọ pé kékeré dára ju ńlá lọ. Wọ́n ń sọ pé ara ọmọdé kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó tó gbà gbọ́. Ara kékeré mìíràn sì wà tó jẹ́ ebi ló fà á. Ẹ̀wà àti ẹyin lẹ́yìn ìdánrawò ni oògùn tirẹ̀, kì í ṣe lílé.

Àwọn tó ni akádẹ́mì máa ń sọ pé ọjà ló ń béèrè ọmọ gíga. Ṣùgbọ́n òfin FIFA kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé 18 ré kọjá lọ sí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀. Ẹgbẹ́ òkè òkun kò lè kàn wá ra ọmọ ọdún 13 láti Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí náà ọdún márùn-ún wà lọ́wọ́ kóòṣì kí ọjà tó dé. Òfin kan náà ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Bí owó náà bá jẹ́ mílíọ̀nù 20 yúrò, ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti 12 dé 15 ní ẹ̀tọ́ sí 200,000. Akádẹ́mì tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tàbí tó yí ọjọ́ ìbí ọmọ padà, ti ba ẹ̀rí tó lè fi gba owó yìí jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó rọ́pò àṣà yìí kò gbówó lórí. Kí kóòṣì fa ìlà sára ògiri, kó máa wọn gíga ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣù mẹ́rin-mẹ́rin, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti rí ẹni tó ń ga lọ́wọ́ àti ẹni tí tirẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kó wọn bàbá àti ìyá náà: bí wọ́n bá ro gíga méjèèjì pọ̀, tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 13 kún un, tí wọ́n sì pín in sí méjì, wọ́n á rí ibi tí ọmọkùnrin náà lè ga dé, ó lè fi díẹ̀ jù ú tàbí kó dín. Bàbá tó ga ní 170 àti ìyá tó ga ní 160 ń tọ́ka sí 171.5, èyí tó ju gíga Ahmed Musa lọ. Kí wọ́n máa kó àwọn tí ara wọn dọ́gba pọ̀ gbá bọ́ọ̀lù nígbà mìíràn, láìka ọjọ́ orí sí, bí àwọn akádẹ́mì England ṣe ti ń dán an wò. Kí yíyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin mẹ́rin lórí ilẹ̀ kékeré, kó má sì parí lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí wọn kò bá mú, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gangan àti gíga rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú bọ́ọ̀lù rẹ̀ lójú òbí rẹ̀, kí wọ́n sì dá oṣù tó máa padà wá fún un.